Ẹni tó gbé ìrẹsì lọ lánàá ló ń wá omi mu lónìí: ọ̀rọ̀ bayanihan ní Philippines

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá alẹ́ lù ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní àríwá erékùṣù Cebu, ní orílẹ̀-èdè Philippines. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 6.9, ẹ̀gbẹ́ ìlú Bogo ló sì ti ṣẹ́ yọ. Ó ju 70 èèyàn lọ tó kú. Ní San Remigio, àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá nígbà tí gbọ̀ngàn náà ya lù wọ́n. Ilẹ̀ mọ́, ó ṣì ń mì díẹ̀díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà láti padà sínú ilé tí ògiri rẹ̀ ti sán. Ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ta tapólì sí, tàgbà tọmọdé. Wọ́n wá páálí, wọ́n kọ ọ́ sí i gàdàgbà-gàdàgbà pé omi àti oúnjẹ làwọn ń fẹ́, wọ́n nà án sókè sí ọkọ̀ tó ń kọjá.

Ọkọ̀ náà sì dé. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀nà tó lọ sí àríwá kún fún àwọn tó ń kó ìrẹsì, omi inú ọ̀rá, sàdíìnì, aṣọ àti oògùn bọ̀ láti Cebu City, Mandaue àti Talisay. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, ọmọ ìjọ wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́kadà náà ò gbẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́. Wọ́n pọ̀ débi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ fi di ọ̀nà pa.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá, ìjì kan tí wọ́n sọ ní Tino dé. Omi ló fi jà. Odò kún àkúnya, ó wọ ilé lóru, ó gbé mọ́tò gun orí mọ́tò bí ẹni to àpótí. Talisay, Mandaue, Liloan àti Cebu City ló jẹ nínú rẹ̀ jù. Àwọn tó kú ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà ju 200 lọ, Cebu ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ kíyè sí orúkọ àwọn ìlú wọ̀nyẹn. Àwọn tí ọkọ̀ ìrẹsì ti ń jáde lọ sí àríwá lóṣù tó kọjá, àwọn náà ló wá ń ti ẹrẹ̀ kúrò ní yàrá, tí wọ́n ń béèrè ẹni tó ní omi tó ṣeé mu.

Nírú àsìkò báyìí, ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu ará Philippines: bayanihan, ìyẹn kí ará àdúgbò para pọ̀ ran ọmọnìkejì wọn lọ́wọ́. Olóṣèlú ń sọ ọ́, àlùfáà ń sọ ọ́, oníròyìn ń sọ ọ́. Àmọ́ láti bí ọdún mélòó kan, àwọn kan wà nínú wọn tí inú ń bí bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ìrànlọ́wọ́ o. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ń pe orúkọ náà, àti ohun tó fẹ́ fi bò mọ́lẹ̀.

Ilé lórí èjìká

Bayan ni ìlú, òun náà ni orílẹ̀-èdè, òun náà sì ni àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ ni bayanihan ti jáde. Àwòrán tí gbogbo ọmọ ilé ìwé wọn mọ̀ ni ti ilé kékeré tí wọ́n fi ọparun kọ́, tí wọ́n fi ewé ọ̀pẹ bò, tí ó dúró lórí òpó. Bí ẹbí kan bá fẹ́ kó lọ síbòmíràn, wọn kì í wó ilé. Àwọn ọkùnrin àdúgbò á ti ọ̀pá ọparun gígùn bọ abẹ́ rẹ̀ lóòró àti níbùú, wọ́n á ki èjìká bọ̀ ọ́, ilé á sì gbéra nílẹ̀ tòun ti òrùlé. Ẹnì kan á máa ké sí wọn kí ẹsẹ̀ wọn lè bára mu. Bí wọ́n bá sọ ilé kalẹ̀, onílé á gbé oúnjẹ síta. Kò sówó níbẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ti dá a mọ̀: ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe àáró, nítorí àáró ní ìṣirò nínú, bá mi ro tèmi lónìí kí n bá ọ ro tìrẹ lọ́la. Ọ̀wẹ̀ ni ti ẹni tó bẹ ará ilé àti ará àdúgbò, tó se oúnjẹ sílẹ̀, tí wọ́n sì bá a parí ohun tí apá rẹ̀ nìkan ò lè ká. Àwọn náà ní oríṣiríṣi orúkọ fún iṣẹ́ àjọṣe: tiklos lọ́dọ̀ àwọn Waray ti Leyte, dagyaw lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Hiligaynon. Bayanihan ni èyí tó gbòde kan.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, òun ni kapwa. Virgilio Enriquez, ọ̀jọ̀gbọ́n tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá bí ọmọ Philippines ṣe ń ronú láì lo ojú òyìnbó, sọ pé kapwa ni gbòǹgbò ìwà wọn. Ó ní a ò lè túmọ̀ rẹ̀ sí ẹlòmíràn, torí pé ẹlòmíràn ti yọ èmi kúrò, kapwa sì mú èmi pẹ̀lú rẹ̀ dání. Mo rò ó títí. Ọmọnìkejì ni mo rí tó sún mọ́ ọn jù lédè tiwa. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ààrẹ wọn yóò pe ọ̀rọ̀ náà láìpẹ́.

Ìjì tó ní orúkọ

Erékùṣù 7,641 ló para pọ̀ di Philippines, ojú ọ̀nà ìjì Òkun Pàsífíìkì gan-an ni wọ́n sì wà. Nǹkan bí 20 ìjì líle ló ń wọ agbègbè wọn lọ́dún kan. Àjọ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ níbẹ̀, PAGASA, ń sọ ìjì kọ̀ọ̀kan lórúkọ tiwọn, yàtọ̀ sí èyí tí ayé yòókù ń pè é. Ìdí nìyẹn tí Tino fi jẹ́ Kalmaegi nínú ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè. Bí ìjì kan bá pa tó 300 èèyàn, tàbí tó ba dúkìá bílíọ̀nù kan péṣò jẹ́, wọn ò ní fi orúkọ náà pe ìjì mìíràn mọ́. Ondoy, tó rì Manila lọ́dún 2009, ti kúrò nínú ìwé. Yolanda ti kúrò. Odette ọdún 2021 ti kúrò. Ẹ wá fi ìmìtìtì ilẹ̀ àti òkè ayọnáyèéfín kún un.

Ìjọba tó sún mọ́ ará ìlú jù ni barangay, bí a ó bá fi wé wọ́ọ̀dù tiwa. Wọ́n tó 42,000. Òfin ọdún 2010 kan sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àjálù, kí apá kan rẹ̀ sì wà ní ìkáwọ́ fún pàjáwìrì. Lórí ìwé, ètò náà gún régé.

Yolanda

Ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni Yolanda, tí ayé ń pè ní Haiyan, gúnlẹ̀ sí Guiuan ní ìdájí, tó sì kọjá sí Tacloban. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń sáré ju 300 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Iye tí ìjọba kà pé ó kú jẹ́ 6,300, àwọn tó lé ní 1,000 sì wà tí ẹnikẹ́ni ò rí mọ́. Mílíọ̀nù mẹ́rin èèyàn ni kò nílé mọ́. Àwọn tó kú ní Tacloban, omi òkun tí ìjì tì wọ ìgboro ló pa ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe afẹ́fẹ́.

Ìkìlọ̀ ti wà tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ pariwo pé storm surge ń bọ̀, ìyẹn omi òkun tí ìjì ń tì wọ ìlú. Gẹ̀ẹ́sì ni, ọ̀pọ̀ ará Tacloban ò sì mọ ohun tí í ṣe. Wọ́n rò pé ìjì lásán ni, wọ́n sì ti rí ìjì rí. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ tán ni àwọn tó yè ń sọ pé ká ní wọ́n pè é ní tsunami ni, àwọn ì bá sá. Ó dùn mí púpọ̀, èmi tí mo ń fi èdè abínibí jẹun.

Kí á má parọ́ o, ìfẹ́ nìkan kọ́ ló wà nígboro lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ní Alangalang, nítòsí Tacloban, èrò ya wọ ilé ìpamọ́ ìrẹsì ìjọba, ògiri wó, ó sì pa èèyàn mẹ́jọ. Ìrànwọ́ ìjọba pẹ́ kó tó dé, ebi ò sì dúró de ìwé àṣẹ. Ẹni tí ebi ń pa, ṣé ilé ni yóò gbé?

Àwọn tó kọ́kọ́ lóye èyí ni Tzu Chi, ẹgbẹ́ àánú ẹlẹ́sìn Búdà láti Taiwan. Wọn ò pín ìrẹsì nìkan kí wọ́n sì máa lọ. Wọ́n ní kí ará Tacloban wá kó pàǹtí òpópónà tiwọn, àwọn á sì san 500 péṣò lóòjọ́ fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló wá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo bàbá tí ilé rẹ̀ ti lọ, tó ń fi ṣọ́bìrì wọ́ ẹrẹ̀ kúrò níwájú ilé aládùúgbò rẹ̀, tó sì mọ̀ pé bó bá di ìrọ̀lẹ́ òun á ra ìrẹsì fúnra òun. Àwọn kan ní owó ti ba bayanihan jẹ́ níbẹ̀. Èmi ò gbà. Onílé ayé àtijọ́ náà ń se oúnjẹ fún àwọn tó gbé ilé rẹ̀. Ẹni tó san 500 péṣò ló se oúnjẹ ti Tacloban.

Àgbọn ńkọ́? Nǹkan bí mílíọ̀nù 33 igi àgbọn ló wó tàbí tó bàjẹ́, ara àgbọn sì ni àìmọye àgbẹ̀ agbègbè náà ń jẹ. Èyí tí wọ́n bá gbìn lọ́jọ́ kejì ìjì, ó di ọdún mẹ́fà, ó di ọdún mẹ́jọ kó tó so dáadáa. Kò sí bí èjìká aládùúgbò ṣe lè gbé ìyẹn.

Erékùṣù tí ilé tán lórí rẹ̀, tí èèyàn ò kú

Ibi kan wà tí mo máa ń tọ́ka sí bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé àbímọ́ ni ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn ará Philippines, pé ẹ̀jẹ̀ wọn ló wà. Tulang Diyot ni wọ́n ń pè é. Erékùṣù tíńtín ni, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ San Francisco ló wà, ní àwọn erékùṣù Camotes ti ìpínlẹ̀ Cebu. Nǹkan bí 1,000 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀, ilé wọn ò ju 500 lọ. Nígbà tí Yolanda ń bọ̀, wọ́n kó gbogbo wọn sọdá sórí erékùṣù tó tóbi jù ú lọ kí ìjì tó dé. Ìjì dé, ó gbá gbogbo ilé tó wà lórí erékùṣù náà lọ. Kò sí ẹnì kan tó kú.

Báwo ni wọ́n ṣe rí i ṣe? Ohun tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú ni wọ́n lò, ìyẹn purok. Barangay ni wọ́n tún pín sí wẹ́wẹ́, ìdílé mélòó kan sí purok kọ̀ọ̀kan. Purok ní olórí, ó ní àwọn tó ń rí sí ìlera, ó ní àwọn tó ń rí sí ìmọ́tótó, ó sì ní ti àjálù. Wọ́n ń ṣèpàdé. Wọ́n ń dá owó díẹ̀díẹ̀ sínú àpò kan, ẹni tí àìsàn tàbí ìjàm̀bá bá dé bá lè rí i lò. Wọ́n mọ ilé tí arúgbó wà, wọ́n mọ ilé tí aboyún wà. Alfredo Arquillano, tó ti ṣe olórí ìlú náà, ló fi ètò yìí kọ́ wọn mọ́lẹ̀, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì fún San Francisco ní àmì ẹ̀yẹ Sasakawa lórí rẹ̀ lọ́dún 2011, ọdún méjì ṣáájú Yolanda. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dìde kúrò lórí erékùṣù, kì í ṣe àlejò ló ń sọ fún wọn. Ẹni tó ń gba owó ìpàdé lọ́wọ́ wọn ni.

Bí ẹ bá bi mí, ibẹ̀ ni bayanihan wà jù. Kò sí kámẹ́rà lójú ọ̀nà ìpàdé purok, kò sì sẹ́ni tí yóò ya fọ́tò ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ti san owó sí.

Owó ẹgbẹ́, owó òkè òkun

Wọ́n ní paluwagan, èyí tí í ṣe èsúsú láìyọ nǹkan kan kúrò: iye kan náà, ẹni kan á kó o lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi kárí. Ọlọ́jà ń ṣe é, olùkọ́ ń ṣe é, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ń ṣe é. Ẹni tí omi bá gbé ẹrù rẹ̀ lọ, ó lè bẹ ẹgbẹ́ pé kí òun kó ṣáájú.

Àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun tún ń bẹ: àwọn nọ́ọ̀sì, atukọ̀ ojú omi, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ní Hong Kong àti Saudi Arabia. Owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé lọ́dún 2024 ju bílíọ̀nù 38 dọ́là lọ. Ẹni tí ò bá rí owó fi ránṣẹ́, á di páálí ńlá. Balikbayan box ni wọ́n ń pè é; balik ni pípadà, bayan sì ni bayan tí a ti ń sọ bọ̀. Inú rẹ̀ ni ọṣẹ, ẹran inú agolo, ṣokoléètì, bàtà, aṣọ ìnura máa ń wà, wọ́n á sì fi téèpù wé e títí kò fi ní rí bí páálí mọ́. Lọ́dún 2015, nígbà tí àwọn aṣọ́bodè ní àwọn fẹ́ máa ṣí páálí náà wò, ariwo tí wọ́n pa kúrò ní kékeré. Ọdún tó tẹ̀lé e ni òfin tuntun fàyè gbà wọ́n láti kó ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju 150,000 péṣò lọ wọlé láìsan owó bodè.

Nígbà tí ìjọba gba orúkọ náà lò

Lóṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà kòrónà, ilé aṣòfin wọn fún Ààrẹ Rodrigo Duterte ní agbára pàjáwìrì. Wọ́n wá fi Bayanihan ṣe orúkọ òfin náà. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2021, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Ana Patricia Non gbé kẹ̀kẹ́ ọparun kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ títì Maginhawa ní Quezon City. Ó to ìrẹsì, ẹ̀fọ́ àti oúnjẹ inú agolo sí i, ó sì kọ ọ́ sára páálí pé kí oníkálukú mú wá bí agbára rẹ̀ ṣe mọ, kí ó sì mú lọ bí àìní rẹ̀ ṣe tó. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Àwọn àgbẹ̀ kó ọ̀dùnkún wá láti Tarlac. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, irú rẹ̀ ti wà káàkiri orílẹ̀-èdè náà.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í so ó mọ́ àwọn kọ́múníìsì lórí Facebook, ẹ̀sùn tó lè mú ẹ̀mí lọ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, ó ti kẹ̀kẹ́ náà pa fún ọjọ́ kan nítorí ààbò àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ti béèrè látìgbà náà pé: bí bayanihan bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ìjọba nígbà tí kò bá ti ọwọ́ wọn wá?

Inú ti ń ru tẹ́lẹ̀. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2020, ìjì Rolly àti Ulysses dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, omi bo Marikina àti àfonífojì Cagayan. Bí ó ti máa ń rí, àwòrán àwọn ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín nínú àgbàrá gba íntánẹ́ẹ̀tì kan, ìyìn sì ń rọ̀jò pé ọmọ Philippines ò ṣeé ṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ wọn ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní ẹ má yìn wá pé a lè wẹ̀, ẹ sọ fún wa ẹni tó gé igbó orí òkè àti ibi tí owó ìdènà omíyalé wọlé sí.

Ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lọ́dún 2025. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, Ààrẹ Ferdinand Marcos Jr. dúró níwájú ilé aṣòfin, ó ní kí ojú ti àwọn tó jẹ owó náà, kí ojú tì wọ́n lọ́dọ̀ “kapwa Pilipino” wọn. Ọmọnìkejì wọn, ẹ rántí. Lóṣù tó tẹ̀lé e ni ìjọba tú ìwé síta: láti oṣù Keje ọdún 2022, iṣẹ́ ìdènà omíyalé 9,855 ni wọ́n ti gbé jáde, bílíọ̀nù 545 péṣò ló sì lọ sí i. Agbaṣẹ́ṣe 15 péré ló kó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù nínú rẹ̀. Ní Bulacan, wọ́n rí iṣẹ́ tí ìwé fi hàn pé ó ti parí, tí owó rẹ̀ ti jáde, tí wọ́n dé ibẹ̀ tí wọn ò bá bíríkì kan. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, èrò ya bo pápá Luneta àti òpópónà EDSA ní Manila láti fẹ̀hónú hàn lórí owó náà.

Ọjọ́ kẹsàn-án sí ìyẹn ni ilẹ̀ mì ní Cebu. Nítorí náà, nígbà tí Tino wá dà bo ìpínlẹ̀ kan náà, àwọn tó ń kó ìrẹsì jọ ni wọ́n tún ń ka iye owó tó ti lọ sórí odò tó gbé wọn. Ọwọ́ kan ń di ọ̀rá, ọwọ́ kejì ń tẹ fóònù béèrè orúkọ agbaṣẹ́ṣe. Kó tó di pé wọ́n jókòó, Uwan, ìjì mìíràn tó tóbi ju Tino lọ fíìfíì, ti ń bọ̀. Èyí, wọ́n kó èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ kó tó dé.

Ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá bọ́ sáàárín Tino àti Uwan, ọdún kejìlá Yolanda ló sì pé lọ́jọ́ náà. Ní Basper, ní Tacloban, itẹ́ òkú kan wà tí wọ́n sin òkú tó ju 2,000 lọ sí, ọ̀pọ̀ wọn láìmọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Àgbélébùú funfun ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ní ìlà-ìlà. Ẹbí tí kò rí òkú tirẹ̀ a yan àgbélébùú kan, a kọ orúkọ èèyàn rẹ̀ sí i, a sì tan àbẹ́là sí ìdí rẹ̀, bó tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èèyàn ẹlòmíràn ló sùn sábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Nígbà tí yóò fi di alẹ́, Uwan ti gúnlẹ̀ sí Aurora.